Ẹ Jẹ́ Kí Áàpù Àpérò Mọ Orúkọ Ẹni Tó Fẹ́ Sọ̀rọ̀

Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ti ọjà nìyẹn o. Àpérò ò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó pè wá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí áàpù àpérò wò: oyè ẹ̀kọ́ kún ibẹ̀ bíi pósítà ìsìnkú, orúkọ ò sì ní àmì kankan. "Ola" ni wọ́n kọ. Ṣé ọlá tó jẹ́ iyì ni, àbí ọlà tó jẹ́ ọrọ̀? Atọ́kùn ètò á kàn méfò níwájú gbogbo èèyàn, olórúkọ á sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti 2020 ni LinkedIn ti ń jẹ́ kí èèyàn fi ohùn ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Ẹ fi irú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ yan fọ́ǹtì tó lè gbé ẹ́ àti ọ̀. Kí ẹni tó bá tẹ "Wole" láìsí àmì ṣì rí Wọlé.

Oyè ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìlà kan ti tó. Ohun tí ẹni náà fẹ́ sọ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kí n lè ti mọ gbọ̀ngàn tí mò ń lọ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀yìngbò.