Élì, Hánà àti Olùkọ́ Tó Fura

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:9-18, 2:12-25

Bí àsìkò ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá ti ń súnmọ́ etílé, ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sí Ọjà'ba yóò mọ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì kì í sinmi. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló jẹ́ ìwé tó tọ́. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di kékeré, tí kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí lẹ́tà inú rẹ̀ yóò dàbí ẹyin iná orí. Máíkíró-ṣípù ni àwọn ọmọ fásitì ń pè é. Kò sì sí ẹni tó ń sọ ìwé rẹ̀ di ẹyin iná nítorí pé ó fẹ́ lọ kà á nílé.

Olè ni. Ẹ jẹ́ kí á pè é bẹ́ẹ̀, kí á sì kọjá lọ, nítorí a ti wàásù fún olè yìí títí lórí pẹpẹ. Ẹnìkejì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò lónìí, ìyẹn olùkọ́ fásitì tó rí i, tàbí tó rò pé òun rí i. Kí ló yẹ kí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Díákónì wà nínú wọn, ìyá ìjọ wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ẹ rántí Élì àlùfáà. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá òpó tẹ́ńpìlì ní Ṣílò, ó ń wo Hánà tó ń gbàdúrà. Ètè obìnrin náà ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì gbà pé ó ti mu ọtí yó. Kí á má tètè bú bàbá yìí o. Àkókò àjọ̀dún ni, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu. Ẹni tó ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò ti rí ọ̀mùtí níbẹ̀ rí. Ìfura rẹ̀ ní ìdí. Síbẹ̀, irọ́ ni.

Ohun tó dára nínú ìwà Élì lọ́jọ́ náà ni pé ojú obìnrin náà ló ti sọ ọ́. Hánà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì ṣàlàyé ara rẹ̀. Élì fetí sílẹ̀, ó gbà, ó sì súre fún un. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀ràn ti tán. Ẹ wá wo bí ì bá ti rí ká ní Élì dákẹ́, tó kàn pàṣẹ lábẹ́nú pé kí wọ́n má gba ẹbọ obìnrin náà lọ́dún yẹn. Hánà ì bá padà sílé láì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀.

Irú ìyà ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an ló ń dùn mí jù. Olùkọ́ ń máàkì ìwé, ó rí méjì tó jọ ara wọn bí ìbejì, àní àṣìṣe inú wọn jọra. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kọ òdo fún àwọn méjèèjì, ó gbé bírò sílẹ̀, ó lọ jẹun. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ti wo tẹnìkejì láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n wò mọ̀. Nígbà tí èsì bá jáde, ọmọbìnrin tí kò wo ẹnikẹ́ni yóò rí i pé òun ti gbòdo, wọn kò ní sọ ìdí fún un. Yóò tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní kári-ófà. Bó bá wá jẹ́ pé ọdún tó kẹ́yìn ló wà, ìyá rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba yóò tún wá owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ilé fún ọdún kan sí i. Bí ẹ bá bi olùkọ́ yìí, yóò ní àánú ni òun ṣe, pé bí òun bá gbé ọ̀ràn náà dé iwájú ìgbìmọ̀, wọ́n lè lé àwọn ọmọ náà. Èmi kò gbà pé àánú nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n rí òun, ẹni tí kò ṣẹ̀ kò rí àyè sọ̀rọ̀.

Ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, tí àwọn oníròyìn máa ń kọ ẹjọ́ tọkọtaya ibẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ọkọ lè rojọ́ ìyàwó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Adájọ́ kò ní tú ìgbéyàwó náà ká kí wọ́n tó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ìyàwó. Bí ó bá kọ̀ tí kò wá, ìyẹn di tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nikodémù sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn Farisí nínú Jòhánù 7:51. Ọlọ́run tó mọ ohun gbogbo pàápàá, kí ó tó lé Ádámù kúrò nínú ọgbà, ó pè é, ó bi í léèrè, ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló wá mọ̀ jù Ú lọ?

Òfin ilẹ̀ wa náà kò fi èyí ṣeré. Ní ọdún 1983, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Fásitì Máídúgùrì, wọ́n sun dúkìá níná. Fásitì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, àwọn yẹn sì gba kóòtù lọ. Ní ọdún 1986, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá wọn láre nínú ohun tí àwọn amòfin mọ̀ sí ẹjọ́ Garba. Adájọ́ kò sọ pé iná kò jó. Ohun tí wọ́n rí ni pé igbákejì gíwá, tí wọ́n ṣe òun alára lọ́ṣẹ́ nínú rògbòdìyàn náà, ni alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀ràn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kí ó tún jẹ́ adájọ́. Ọ̀ràn iná lèyí, kì í ṣe ti ìdánwò, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mú akẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ẹjọ́ tí ẹni tó mú ọ̀daràn tún dá fúnra rẹ̀, olè lè tipasẹ̀ rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn kan ní ìyà ńlá ni yóò tán an. Ìjọba ológun ti dán ìyẹn wò. Òfin 20 ti ọdún 1984 la ẹ̀wọ̀n ọdún 21 sílẹ̀ fún màgòmágó ìdánwò. Òfin 33 ti ọdún 1999 wá sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó kan àti owó ìtanràn. Ta lẹ mọ̀ ní àdúgbò yín tó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 21 nítorí ẹ́kípò? Ìyà tó bá wúwo jù fún ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó láàánú kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Olùkọ́ tó mọ̀ pé lílé ni wọn yóò lé ọmọ yìí, yóò wo ibòmíràn, tàbí kí ó lọ fi òdo jẹ ẹ́ níyà lábẹ́nú bí mo ti wí. Bí ìyà bá ní ìpele, tí ẹni tó wo ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò gba irú ìyà kan náà pẹ̀lú ẹni tó gbé ẹlòmíràn wá jókòó ṣe ìdánwò fún un, ẹ ó rí i pé àwọn olùkọ́ yóò túbọ̀ máa kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ọ̀ràn tuntun tún ti dé. Láti ìparí ọdún 2022 ni ẹ̀rọ ChatGPT ti ń bá ènìyàn kọ àròkọ lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Àwọn olùkọ́ náà wá ra ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ní yóò máa sọ ìwé tí ènìyàn kọ àti èyí tí ẹ̀rọ kọ. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ilé iṣẹ́ OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an gbé irú ẹ̀rọ afúnnilésì bẹ́ẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n sì fúnra wọn mú un kúrò ní oṣù keje ọdún kan náà nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. Lọ́dún yẹn, àwọn olùwádìí ní Fásitì Stanford ní Amẹ́ríkà kó àròkọ 91 jọ tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fọwọ́ ara wọn kọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ 7 yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ṣírò wọn pọ̀, ó lé ní ìdajì àwọn àròkọ náà tí ẹ̀rọ ní kì í ṣe ènìyàn ló kọ ọ́. Ní Texas, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, olùkọ́ kan da iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sínú ChatGPT, ó bi ẹ̀rọ náà bóyá òun ló kọ ọ́. Ẹ̀rọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n sì dá ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ kan dúró títí wọ́n fi wádìí rẹ̀.

Tiwa tún yàtọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, olówó kan nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, Paul Graham, sọ pé bí òun bá ti rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "delve" nínú ìwé tí wọ́n kọ sí òun, òun mọ̀ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bínú gidigidi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ń lò láti ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gẹ̀ẹ́sì gbàǹgbà-gbaǹgba tí tíṣà fi pàṣán kọ́ ọmọ Bẹyẹrúnká ni wọ́n wá fẹ́ fi pè é lólè. Olùkọ́ tó bá fura, kí ó pe ọmọ náà jókòó, kí ó bi í ní ohun tó kọ. Ẹni tó kọ ọ́ yóò lè sọ ọ́, bó tilẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀nà yìí gba àkókò, mo mọ̀, pàápàá nígbà tí ọmọ 300 bá wà ní kíláàsì kan.

Nínú gbọ̀ngàn ńkọ́? Ẹ má ya ìwé mọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ má gbá a létí. Ẹ gba ohun tí ẹ bá lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó ń ṣọ́ ìdánwò rí i pẹ̀lú yín, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ tẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì parí ìdánwò rẹ̀. Ìwé Diutarónómì 19:15 ti sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Bí ìwé bá wà lábẹ́ àga ọmọ, ẹ rántí ife Jósẹ́fù nínú Jẹ́nẹ́sísì 44. Inú àpò Bẹ́ńjámínì ni wọ́n ti bá a, síbẹ̀ Bẹ́ńjámínì kò jalè.

Mo ní kí ẹ ka orí kejì nítorí pé Élì kan náà ni. Àlejò tó wá láti Rámà, ìṣẹ́jú kan ló fi pè é ní ọ̀mùtí. Hófínì àti Fíníhásì, ọmọ tirẹ̀, tí gbogbo Ísírẹ́lì ń mú ẹjọ́ wọn wá, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi bá wọn wí, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú iṣẹ́. Oríkì Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ olè àti olóhun dá wa lẹ́rìn-ín, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín mọ́ bí ọmọ ọ̀gá, ọmọ pásítọ̀ tàbí ọmọ ẹni tó ní owó láti fi ṣe "sọ́ọ̀tì" bá mú ìwé wọlé, tí wọ́n ní kí ó lọ má dẹ́ṣẹ̀ mọ́, tí ọmọ aláìlẹ́nìkan sì ń lọ sílé. Olùkọ́ tó ń gba owó tàbí ara obìnrin lórí máàkì, ta ni yóò gbà pé ìfura rẹ̀ mọ́?

Ẹ̀yin òbí náà ńkọ́? Àwọn kan nínú yín san owó fún ibi tí wọ́n ń pè ní ibùdó ìyanu kí ọmọ lè yege nínú wáẹ̀kì. Orúkọ Jésù ni ẹ fi ń bo olè jíjà mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó ti ibẹ̀ wọ fásitì, ohun tí ẹ kọ́ ọ ló ń ṣe.

Bí wọ́n bá sì fún ọmọ yín ní ìwé ìpè lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má wá ilé olùkọ́ lọ lóru pẹ̀lú ewúrẹ́ àti iṣu. Ẹ jókòó tì í, kí ó sọ òótọ́ fún yín. Bí ó bá ṣe é, kí ó jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Bí kò bá ṣe é, kí ó kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání, àti èyí tó ti kọ tó ti pa rẹ́, nítorí kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń tọ́jú bí àròkọ ṣe ń dàgbà láti ọjọ́ kan dé ìkejì. Kí ó dé kí aago tó lù, kí ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kí ó sì sọ̀rọ̀ sókè.