Ẹ Má Sun Ewé Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin ará Tchatchou, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń jí gbálẹ̀ ní ìdájí, n kò wá fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ yín sẹ́yìn. Ìgbàgbọ́ kan ni mo wá bá jà: pé bí òjò bá ti dá, kí a gbá gbogbo ewé jọ, kí a sun ún, kí ilẹ̀ pupa hàn gbangba dé ìdí ata. Wọ́n ní ìmọ́tótó nìyẹn. Irọ́ ni.

Òjò tiwa kì í wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bíi ti Cotonou. Bó bá lọ ní ìparí oṣù kẹwàá, ó di nǹkan bí oṣù kẹrin kí a tó tún rí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, oòrùn àti ọyẹ́ ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀ tí kò ní ìbora. Ilẹ̀ á le gbagidi. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé, omi kò ní ráyè wọlé. Á gbá erùpẹ̀ olóràá lọ.

A sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lóko! Ta ló ń gbin iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kì í fi koríko gbígbẹ bo orí ebè? Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ooru yóò ba èbù jẹ́ bí a kò bá bò ó. Kí ló dé tí ilá àti ewúro ẹ̀yìnkùlé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀?

Wọ́n á ní ewé ń fa ejò àti ikán. Ihò àti òkìtì igi ni ejò sábà máa ń fi ṣe ilé; ẹ tẹ́ ewé pẹlẹbẹ, kó jìnnà sí ògiri, sí ibi ìdáná àti sí ara igi. Ní ti ikán, ẹ wo àgbẹ̀ kan, Yacouba Sawadogo, ní Yatenga, Burkina Faso, níbi tí òjò ti kéré sí tiwa gan-an. Ó gbẹ́ kòtò kéékèèké nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kó ìgbẹ́ ẹran àti ewé sí i. Ikán tó wá jẹ ẹ́ ló lu ilẹ̀ líle náà, tí omi òjò fi rí ọ̀nà wọlé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti pa tì di igbó. Ní 2018 ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood.

Ẹ gbá iwájú ilé, níbi tí àlejò ń jókòó. Ṣùgbọ́n ewé máńgòrò àti pòròpórò àgbàdo, ẹ kó wọn sí ìdí ohun ọ̀gbìn. Ẹ da omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó rin ilẹ̀ dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí oṣù kẹwàá tó parí, nígbà tí omi ṣì wà nínú ilẹ̀.