Ọ̀rọ̀ Ọ̀sẹ̀ Yìí: Ẹ̀yin Ọlọ́kọ̀ Akẹ́rù, Ẹ Má Gbàgbé Ọ́ìlì Jíà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya yín lẹ́nu pé láti ẹnu olùkọ́ ni ó ti jáde, nítorí ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin rí i kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tí wọ́n ń ta àgbọn, ata àti tòmátì ní ọjà Agbalata, ní Àgbádárìgì níhìn-ín. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi dá èésú kí wọ́n tó lè ra lọ́rì àlòkù kan tí yóò máa kó ẹrù wọn lọ sí Èkó. Nígbà tí wọ́n rà á tán, wọ́n ní, “Tíṣà, ìwọ ni o mọ̀wé, wá máa bá wa kọ ìwé owó.” Mo gbà. Mo fa ìlà sí ìwé náà dáadáa: ìlà kan fún dísẹ́ẹ̀lì, òmíràn fún táyà, òmíràn fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, òmíràn fún ọ́ìlì jíà. Oṣù mẹ́rìnlá kọjá, òfo ni mo ń kọ sí ìlà ti ọ́ìlì jíà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé ṣe. Ní ìpàdé ìparí ọdún, mo dìde, mo yin awakọ̀ wa pé ó mọ owó ṣọ́, pé kọ́bọ̀ kan kò bá jíà lọ. Gbogbo àwọn ìyá pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìpàtẹ́wọ́ náà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Awakọ̀ sọ fún wa pé jíà ń ké díẹ̀díẹ̀. A ní kí ó kọ́kọ́ gbé ẹrù ọjà yìí lọ ná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítòsí Mowó, ọkọ̀ ké gbà-á, ó dúró, kò sì lọ mọ́. Tòmátì ni ó kún inú rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ó lò lójú ọ̀nà kí a tó rí ọkọ̀ mìíràn, omi tòmátì sì ti ń ṣàn lábẹ́ lọ́rì bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ti fi owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ kún owó ọjà náà, ó ní bí wọ́n bá tà á tán ni òun yóò san án. Ọmọ náà kò ṣe ìdánwò lọ́dún náà.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ àpótí jíà, ohun tí ó jáde kò jọ ọ́ìlì mọ́. Ó funfun ràndànràndàn bí omi ògì, ẹ̀rúnrún irin sì wà nínú rẹ̀. Ó gbé e sí mi lójú, ó ní, “Tíṣà, owó tí ẹ ń ṣọ́ nìyí o.” N kò lè fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo kọ́. Jíà ní eyín, eyín kan ni ó sì ń ti èkejì. Bí ẹrù bá wúwo, agbára tí eyín fi ń tẹ eyín pọ̀ púpọ̀. Ọ́ìlì ni ó wà láàárín wọn tí irin kò fi jẹ irin, òun náà ni ó sì ń gbé ooru kúrò. Nítorí pé ọkọ̀ kì í jó o lọ bí ó ti ń jó dísẹ́ẹ̀lì, a máa ń rò pé títí ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbó, tí ó ń jò díẹ̀díẹ̀, tí omi sì ń wọ inú rẹ̀. Àpótí jíà ní ihò kékeré tí ó fi ń mí. Bí ọkọ̀ tí ó gbóná bá wọ inú àgbàrá, bí a ti ń rí i ní ọ̀nà wa nígbà òjò, òtútù omi náà a mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì, a sì fa omi wọlé.

Nígbà tí a fẹ́ ra ọ́ìlì tuntun, ariyanjiyan dé. Ẹnì kan ní èyí tí ó ki jù ni ó dára jù. Ẹlòmíràn ní kí a ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti inú dírọ́ọ̀mù, nítorí kò wọ́n. Àwọn méjèèjì ni kò tọ̀nà. Ẹ wo ara agolo. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé SAE ni ó ń sọ bí ọ́ìlì ti ki tó. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905, ni ó ni lẹ́tà náà. Ẹ óò rí 80W-90, ẹ óò sì rí 85W-140. Nọ́ńbà iwájú, èyí tí W tẹ̀lé, jẹ́ ti ìlú olótùútù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ó kàn wá jù, 140 sì ki ju 90 lọ. Ẹ má fi nọ́ńbà yìí wé ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì o: 90 ti jíà fẹ́rẹ̀ẹ́ ki tó 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tí ó ki ju bí ó ti yẹ lọ kì í tètè dé kọ̀rọ̀ jíà, ó sì ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì.

Lẹ́yìn èyí ni GL-4 àti GL-5. Òògùn tí a fi imí-ọjọ́ ṣe wà nínú méjèèjì, òun ni ó ń rùn yẹn, ṣùgbọ́n ó pọ̀ jù nínú GL-5. GL-5 ni ó sábà máa ń yẹ àpótí roboto tí ó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni ìnira pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpótí jíà iwájú ní òrùka idẹ nínú, òògùn GL-5 sì lè máa jẹ idẹ náà. GL-4 ni ó sábà máa ń yẹ wọ́n. Àwọn jíà kan tilẹ̀ wà tí àwọn tí ó ṣe wọ́n ní kí a máa fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí. Nítorí náà, ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ń tajà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́, ẹ ti ìka bọ ihò náà: ó yẹ kí ọ́ìlì dé etí ihò. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ bù ú kún un, kí ẹ sì wá ibi tí ó ti ń jò. Ẹ má ṣe rọ ọ́ jù, nítorí yóò hó, yóò sì gba ojú ọ́ìlì síìlì jáde. Bí ẹ bá fẹ́ pa á dà, ẹ tú nọ́ọ̀tì òkè kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀, kí ẹ má baà da ọ́ìlì nù tán kí ẹ wá rí i pé ti òkè kò ṣí. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ dà á. Ẹ wo nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀: bí eruku irin dúdú bí ìpara bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò burú, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rúnrún tí ó lè gún ni lọ́wọ́, ẹ pe mẹkáníìkì. Bí ọ́ìlì bá funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù wúwo nínú omi àti eruku kò gbọdọ̀ dúró de iye máìlì tí ọkọ̀ fàájì ń dúró dè. Kí ẹ má sì da èyí tí ó gbó sí ọ̀sà. Ẹja inú rẹ̀ ni à ń jẹ.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, pàápàá jù lọ ìyá ọmọ náà. Ẹgbẹ́ ni ó dá owó ìdánwò rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, èmi náà sì dá tèmi. Nísinsìnyí, bí mo bá ṣí ìwé owó lóṣooṣù, kí n tó ka ohunkóhun, wọn a ní, “Tíṣà, ìlà ọ́ìlì jíà ńkọ́?” Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ bi awakọ̀ yín ní ìbéèrè yẹn lónìí. Bí ó bá ní òfo ni, ẹ má pàtẹ́wọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lọ, ṣọ́ wa bọ̀.