Ọ̀fẹ́ Ni Oòrùn, Èlé Ló Wọ́n

Bí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù ní Nàìjíríà, n kò ní í dárúkọ mínísítà kankan. Báńkì àpapọ̀, CBN, ni n ó dárúkọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n èlé wọn dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Bí ti CBN bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lọ yáwó ní báńkì ìṣòwò, èlé orí ọgọ́rùn-ún náírà rẹ̀ yóò kọjá ọgbọ̀n náírà lọ́dún. Gbogbo àwa tí à ń pariwo iná oòrùn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ ni ìjà wa wà, a ò sì tíì débẹ̀.

Ìdí ni pé sólà àti jẹnẹrétọ̀ kì í gbówó bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lè rà á lónìí, kó máa fi epo san ìyókù títí ayé. Sólà ní tirẹ̀ ń gba gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: pánẹ́ẹ̀lì, ínfátà, bátìrì, owó oníṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn kì í fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní owó gọbọi nílẹ̀ ní láti yá a, èlé yóò sì jẹ èrè tí ì bá jẹ lára oòrùn.

Ìyá kan wà tó ń ta òkú Èkó lọ́jà kan n'Íbàdàn. Fírísà méjì ló ní. Iná ìjọba ń wá nígbà tó bá wù ú, ẹja kì í sì í dúró de NEPA. Ó ní lítà epo mẹ́ta lòun ń rà lóòjọ́, ìyẹn bí iná bá ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní 900 náírà lítà kan: 2,700 náírà lóòjọ́. Bó bá ná ọjà lọ́jọ́ 26 lóṣù, ó di 70,200. Lọ́dún kan, 842,400 náírà ti bá èéfín lọ, láì tíì ka owó ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti ti rípíà. Mo bi í bóyá ó ti ronú kan sólà rí. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Bùọ̀dá, wọ́n ti wá ṣírò owó ẹ̀ fún mi. Ẹni tó máa yá mi lówó ọ̀hún ni kẹ́ ẹ bá mi wá."

A kì í wàásù èéfín fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ihò imú rẹ̀ ni èéfín wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn tó lówó kò dúró gbọ́ ìwàásù kankan. Nígbà tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù, fò láti 68 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan dé 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024 (wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà), ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ ló gun òrùlé lọ. Aso Rock, ilé Ààrẹ, fúnra rẹ̀ ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún sólà nínú ìṣúná 2025. N kò bá wọn jà. Bí mo bá wà nípò wọn, èmi náà yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń san owó iná dáadáa bá ti kúrò lórí wáyà, ta ni yóò máa tún wáyà ṣe fún ẹni tó kù?

Lórí ọ̀rọ̀ èlé yẹn, ẹ wo Pọ́bẹ̀, ìlú Yorùbá ní Benin. Lọ́dún 2022 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ iná oòrùn Illoulofin níbẹ̀, mẹgawáàtì 25. Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́wọ́ sí i, AFD, àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé, náà lọ́wọ́ sí i. Oòrùn Pọ́bẹ̀ kò mú ju ti Ìlaròó lọ. Owó wọn ló rọjú ju tiwa lọ: owó ìdàgbàsókè tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún san, tí èlé rẹ̀ kò gun ọrùn.

A kò lè sọ pé òfin ló ń dí wa lọ́wọ́ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe lọ́dún 2023, tí Ààrẹ Tinubu sì fọwọ́ sí òfin iná mọ̀nàmọ́ná lọ́dún kan náà, ìpínlẹ̀ lè pèsè iná, kó pín in, kó sì máa bójú tó o fúnra rẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó wà lára àwọn tó ti gba àṣẹ ọ̀hún lọ́wọ́ Àbújá. Síbẹ̀, bí ẹ bá tẹ́tí sí àwọn tó ń jà fún ojú ọjọ́ lágbègbè wa, ìlérí pé èéfín wa yóò di òdo lọ́dún 2060, èyí tí Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, lọ ṣe ní ìpàdé ojú ọjọ́ ní Glasgow, ni wọ́n ṣì ń bi ìjọba léèrè. Ta nínú wa ni yóò wà níbẹ̀ lọ́dún 2060?

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń jà fún ojú ọjọ́ yìí lọ ni ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Láti ọdún 1935 ni òfin àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti wà ní Nàìjíríà; àwọn àgbẹ̀ kòkó wa jẹ àǹfààní rẹ̀, débi pé wọ́n ní báńkì tiwọn n'Íbàdàn lọ́dún 1953. Títí dòní, ẹgbẹ́ ló ń ra àgbò Iléyá fún ọmọ ẹgbẹ́, òun ló ń ra ìrẹsì Kérésì, òun ló ń ra ọ̀kadà, wọn á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù tàbí owó ọjà. Èlé wọn kò tó ti báńkì. Ẹni tó bá fẹ́ sá lọ pẹ̀lú owó wọn, wọ́n mọ ilé ìyá rẹ̀. Àléébù wọn ni pé ọwọ́ wọn kò gùn: ìlọ́po méjì owó tí èèyàn fi pamọ́ ni wọ́n sábà máa ń yá a, ìyẹn kò sì tó gbé sólà tí yóò gbé fírísà méjì.

Onídùúró ló kù. Àwọn ìpínlẹ̀ wa jọ ní Odu'a Investment. Kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró fún àwọn ẹgbẹ́ níwájú báńkì, kí èlé lè wálẹ̀. Mo mọ ohun tó lè bà á jẹ́. Bí wọ́n bá fi fọ́tò gómìnà sára pánẹ́ẹ̀lì báyìí, ó di owó ìjọba nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí yóò san án mọ́. Ẹgbẹ́ ni kó yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, ẹgbẹ́ ni kó gbà á padà. Kí ìjọba jókòó sẹ́yìn.

Àti pé kí ẹni tó bá yáni lówó bátìrì gba òkú bátìrì náà padà. Ní Ògíjó, ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ń yọ́ bátìrì àtijọ́ láti kó òjé inú rẹ̀, òjé náà sì ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Bátìrì ínfátà olómi, èyí tí ẹni tí apá rẹ̀ kò ká lítíọ́mù ń rà, òjé kan náà ló wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ẹni tí kò bá dá òkú bátìrì padà kò ní í rí owó yá ra tuntun.