Ọyún Ọwọ́ Ìyá Onítòmátì

Lẹ́tà ìyá onítòmátì kan ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá ní igi apẹ̀rẹ̀ gún òun níka, ó wú, ó ń ṣọyún, àti pé obìnrin tí ìsọ̀ àwọn jọ kan ara ló fi nǹkan sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọn ò kí ara wọn.

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá obìnrin yẹn jà. Òkú ọmọ ogun yín ló pọ̀ jù nínú ọyún yẹn: sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó sáré dé ojú egbò, tó ń gbé kòkòrò àrùn mì títí òun náà fi kú.

Ará Rọ́ṣíà kan, Elie Metchnikoff, ló là wá lójú sí i. Ní 1882, ní Messina létí òkun Ítálì, àwọn ará ilé rẹ̀ lọ wo eré ọ̀bọ, òun nìkan ló kù nílé. Ó ní ọmọ ẹranko òkun kan lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń ní apá bí ìràwọ̀ tó bá dàgbà. Ara ọmọ náà mọ́ gaara bí omi, èèyàn ń rí inú rẹ̀. Ó já ẹ̀gún róòsì nínú ọgbà, ó fi gún un. Kò rí oorun sùn lóru yẹn! Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ti péjọ pitimu yí ẹ̀gún náà ká. Ẹranko tí kò ní eegun ẹ̀yìn rèé o. Òun àti Paul Ehrlich ará Jámánì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908.

Ẹnìkan á ní, ta ló sọ pé ogún ni? Àbí kálukú ló dá tirẹ̀ dá? Ẹ̀yin télọ̀ ló máa yé jù. Bí ọ̀gá bá ṣe àṣìṣe nígbà tó ń da pátánì kọ, tí ihò bọ́tìnnì kan wọ́, gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Tí ẹ bá rí ihò wíwọ́ yẹn ní Òṣogbo, tí ẹ tún rí i ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀gá kan ló kọ́ wọn. Ẹyọ kan lè ṣèèṣì o. Tó bá di ogún, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn onímọ̀ ṣe ń ka àṣìṣe inú DNA, pátánì tí òbí ń dà kọ fún ọmọ, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó bá ẹni tan.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ohun ìjà tí ara wa ń rọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, pátánì kan náà ni pẹ̀lú ti ẹja ekurá, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún tá a ti pínyà. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹja kan tó gùn bí ejò, tí kò ní àgbọ̀n, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja mìíràn. Lamprey ni wọ́n ń pè é. Òun náà ń rọ ohun ìjà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú inú rẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2004, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe bí tiwa, ìránṣọ inú rẹ̀ ló yàtọ̀ pátápátá. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ti kọ́ ọ jàre.

Ìyá onítòmátì, ẹ gbé ìka yẹn lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ má fi abẹ́ là á nílé. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà kí obìnrin ìsọ̀ kejì.