Èésú Gbogbo Ìlú



Ẹni tó bá ti dá èésú rí mọ òfin rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ iye tí a dá, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ ẹni tí ó kó o lóṣù yìí. Bí olórí èésú bá fi orúkọ ẹni tó kó o pamọ́, ìfura dé nìyẹn, kò sì ní pẹ́ tí ẹgbẹ́ yóò fi tú ká. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àgbẹ̀, èésú gbogbo ìlú ni. Owó orí àti owó ibodè ni a fi dá a. Ó yẹ kí a mọ ẹni tó ń kó o.

Ẹ jẹ́ kí á fi òwú ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2003, Bẹ̀nẹ̀, Bùrkínà Fasò, Málì àti Ṣáàdì gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ síwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé: owó tí Amẹ́ríkà ń fún àwọn olóko òwú tirẹ̀ ń já iye owó òwú tiwa wálẹ̀. Àwọn wo gan-an ló ń gba owó náà? Ó pẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn tó mọ̀. Ní 1996, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn Washington Post pẹjọ́, ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn fi orúkọ àwọn tó gba owó òwú hàn. Nígbà tí orúkọ bọ́ sí gbangba, ó hàn pé oko ńláńlá díẹ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ní 2007, àwọn olùyẹ̀wò ìnáwó ìjọba wọn ròyìn pé láàárín 1999 sí 2005, dọ́là bílíọ̀nù 1.1 ni a san ní orúkọ àwọn olóògbé 172,801. Òfin gba irú rẹ̀ láyè nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò yẹ̀ ẹ́ wò bó ti yẹ.

Àwọn kan yóò ní owó ẹni kì í ṣe ohun tí a ń pariwo lọ́jà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 2010, ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fagi lé títẹ orúkọ gbogbo àgbẹ̀ jáde láìya ẹni kékeré sọ́tọ̀. Ní 2013, òfin tuntun dá orúkọ padà sí gbangba, ó sì dá àwọn tí owó wọn kéré sí.

Ní tiwa, òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 2015 àti òfin Tógò ti 2016 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Èdè Faransé ni a fi kọ wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ kà wọ́n fún àwọn ìyá àti bàbá yín. Bí ajílẹ̀ ìjọba bá dé, ẹ béèrè pé kí a lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri ilé mérì, kí a sì kà á ní Yorùbá lọ́jọ́ ọjà. Ìyá tó ń roko láìsí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yóò lè béèrè ìdí rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹni tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi pamọ́.