Ta Ni Yóò Ṣe Lísàbí? Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Òṣèré ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, orúkọ àwọn ènìyàn ńlá ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń jáde lẹ́nu àwọn eléré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní 2021 ni Túndé Kèlání gbé fíìmù Ayinla jáde, èyí tí ó sọ ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, olórin àpàlà tí ó kú ní 1980. Ní 2024 ni a rí fíìmù tí Bolanle Austen-Peters ṣe nípa Ìyá wa, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, àti ìjà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta bá owó orí jà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni fíìmù Lísàbí jáde, tí apá rẹ̀ kejì sì tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní 2025. Inú wa dùn sí gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí a ń ròyìn baba rẹ̀ ní rere ní òde, tí inú rẹ̀ kò dùn, ọmọ náà kò gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò gbọdọ̀ di wá lẹ́nu láti béèrè ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè. Nígbà tí a bá fẹ́ gbé ìtàn Ẹ̀gbá sórí ìtàgé tàbí sínú fíìmù, báwo ni a ṣe ń yan àwọn tí yóò ṣe é? Ta ni ó ń pè wọ́n? Níbo ni a ti ń dán wọn wò? Kí sì ni a ń wò lára wọn kí a tó sọ pé, "Ìwọ ni yóò ṣe Lísàbí, ìwọ ni yóò ṣe Tinúubú"? Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ mú wá síwájú ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí, nítorí a rí i pé bí a kò bá tètè mójú tó o, a ó máa wo ìran baba wa lẹ́nu àwọn tí kò gbọ́ ohùn baba wa rí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ eléré kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìwé, jẹ́jẹ́ ni ó jókòó. Ẹni tí kò bá yé lè tún un kà. Ọ̀rọ̀ eré kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹnìkan ni ó gbà jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń jáde sí etí àwọn tí ó pé jọ. Èdè wa sì jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ ń gbé lọ sí oko. Ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń gbé lọ sí ogun. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí Èkó. Ọkọ ni obìnrin ní nílé. Ohùn nìkan ni ó pààlà láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wá wo ìtàn Lísàbí, tí ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ pẹ̀lú ọkọ́ títí ọkọ́ fi di ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà kò bá mọ bí a ti ń gbé ohùn àti bí a ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, àṣírí ìtàn náà ti bọ́ sílẹ̀, àwọn òǹwòran yóò sì rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí ara wọn bù máṣọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa ní eré. Ní oṣù kejì 1826, nígbà tí Clapperton àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin, wọ́n rí eré àwọn eégún alárìnjó: àwọn tí ó wà nínú àpò jó, erè ńlá jáde, lẹ́yìn náà ni eégún kan jáde tí ó ṣe bí òyìnbó, tí gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín sí i. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú kí àwọn baba wa tó tẹ ìlú sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Nítorí náà, eré ti wà kí Abẹ́òkúta tó wà. Nínú agbo alárìnjó, a kì í fi ọjọ́ kan ṣoṣo dán òṣèré wò. Láti kékeré ni ọmọ ti ń tẹ̀ lé baba rẹ̀, tí ó ń gbé ẹrù, tí ó ń lu àwo, tí ó ń gbe ohùn, kí a tó jẹ́ kí ó gbé eégún. Ẹ̀kọ́ náà ni ìdánwò. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníwì àti àwọn tí ń sun ègè ti ṣe kọ́ iṣẹ́ wọn lẹ́nu àgbà.

Nígbà tí eré kúrò ní agboolé tí ó bọ́ sí gbọ̀ngàn, ọ̀nà mìíràn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi yan òṣèré, ìtàn Hubert Ògúnǹdé sì kọ́ wa ní ọgbọ́n nípa rẹ̀. Ọmọ Òsósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, ó ti ṣe tíṣà, ó sì ti ṣe ọlọ́pàá. Ní 1944 ni ó gbé eré rẹ̀ kìíní jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ní 1945 ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Nígbà tí ó kéde nínú ìwé ìròhìn pé òun ń fẹ́ àwọn obìnrin tí yóò máa ṣeré fún owó oṣù, àwọn obìnrin kò yọjú, nítorí iṣẹ́ aláìníláárí ni a ka eré sí fún ọmọ ènìyàn. Ó tún kéde, ṣùgbọ́n nígbà yìí ó ní àwọn obìnrin akọ̀wé ni òun ń wá. Nígbà náà ni wọ́n wá. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ wọn ní eré.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ rò ọ̀rọ̀ yìí wò. Kò sí ohun tí ó ṣe àwọn obìnrin náà. Ẹ̀bùn wà lára wọn. Àwa ará ìlú ni a fi ojú burúkú wo iṣẹ́ náà, tí ọkùnrin olóòótọ́ kan fi ní láti fi ọgbọ́n bo iṣẹ́ rere bí ẹni pé iṣẹ́ olè ni. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé Ògúnǹdé kò wá olókìkí. Òun ni ó mú àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ó sì sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Títí ó fi kú ní 1990, ilé rẹ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ju ilé ọjà lọ.

Báwo ni ó ti rí lónìí? Ìtìjú ti dín kù, ìyẹn dára. Ọmọ ilé ìwé gíga ń sọ pé òṣèré ni òun yóò ṣe, òbí rẹ̀ kò sì lé e jáde mọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn ti gba ipò ti àtijọ́. Èkíní, owó. Àwọn kan a máa kéde pé àwọn ń wá òṣèré, wọn a sì gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́, eré náà kò sì ní jáde láéláé. Ẹni tí ó wá iṣẹ́ kò yẹ kí ó sanwó fún ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́. Èkejì, ìkọ̀kọ̀. Wọn a pe ọmọbìnrin sí ìdánwò ní alẹ́, ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, láìsí àgbà kankan níbẹ̀. Ìdánwò tí kò lè ṣojú ìyá ọmọ, kì í ṣe ìdánwò. Ẹ̀kẹta, ojú ni a ń wò, a kì í gbọ́ ohùn. Ẹni tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ lórí fóònù ni a ń mú, yálà ó gbọ́ èdè tí ìtàn náà fi ṣẹlẹ̀ tàbí kò gbọ́. Ẹ̀kẹrin, Èkó ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú yíyàn náà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìbàrà tàbí Ìjàyè tí ó mọ oríkì ìdílé rẹ̀ dójú àmì lè má ní owó ọkọ̀ láti lọ.

A mọ èsì tí àwọn olówó eré yóò fọ̀. Wọn yóò ní, "Owó ńlá ni a fi ń ṣe eré. Bí kò bá sí ojú tí àwọn ènìyàn mọ̀, ta ni yóò wá wò ó?" Òótọ́ wà nínú èyí, àwa kò sì ní sẹ́ ẹ. Oníṣòwò kò lè máa tà ní àdánù nítorí àṣà. A sì mọ̀ pé olókìkí kì í ṣe àléébù: Lateef Adédiméjì tí ó ṣe Àyìnlá, tí ó sì ṣe Lísàbí, kì í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta. Ohun tí a ń sọ ni pé ènìyàn kan tàbí méjì nínú eré lè jẹ́ olókìkí. Ṣùgbọ́n kí ni a ó sọ nípa ogójì ènìyàn tí ó kù, àwọn àgbẹ̀, àwọn ìyálọ́jà, àwọn ìjòyè, àwọn ọmọ ogun? Àwọn wọ̀nyí ni ìlú. Bí wọn kò bá dún bí Ẹ̀gbá, aṣọ Ẹ̀gbá tí a wọ̀ fún wọn kò lè sọ wọ́n di Ẹ̀gbá.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá gan-an kò sọ ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá mọ́, Yorùbá inú rédíò ni gbogbo wọn ń sọ." Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn àgbà tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ èdè ilé ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n wọn kò ní wà títí. Bí ọmọ ogún ọdún bá jókòó ti ìyá àgbà fún oṣù méjì láti kọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lórí ìtàgé, eré náà yóò kọjá lọ, ṣùgbọ́n èdè náà yóò kù sí i lẹ́nu. A kò mọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí kíákíá tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Lísàbí fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn wá. Àáró ni ó fi bẹ̀rẹ̀: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Nínú àáró ni ó ti mọ ẹni tí ó lágbára, ẹni tí ó lè pa àṣírí mọ́, àti ẹni tí kì í sá fún iṣẹ́, kí ó tó di pé ọjọ́ ogun dé. Ìdánwò rẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe é ní gbangba, nínú oko, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà dá àáró eré sílẹ̀.

A dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú àṣẹ àwọn ọba wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu, máa ṣe ọjọ́ ìdánwò òṣèré ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Gbọ̀ngàn kò wọ́n wa. Centenary Hall wà ní Aké, èyí tí àwọn baba wa kọ́ nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1930. Ilé àṣà June 12 sì wà ní Kútọ̀. Kí ó jẹ́ ojú ọ̀sán. Kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí òbí lè wọlé wá jókòó. Kí a má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí àwọn onídàájọ́ jẹ́ olùdarí eré kan, onílù kan, àgbà kan láti inú ẹ̀ka Ẹ̀gbá kọ̀ọ̀kan, kí obìnrin má sì ṣàìsí láàárín wọn. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ó yege sínú ìwé kan, kí a sì máa fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe eré nípa ilẹ̀ wa ní ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú tí a ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859 kò yẹ kí ó ṣòro fún láti tẹ orúkọ ọgọ́rùn-ún ọmọ rẹ̀.

Kí ẹ̀yin olóyè pẹ̀lú sì ní ìlànà kan. Nígbà tí olówó eré bá wá tọrọ ààyè láti ya fíìmù ní ààfin tàbí ní abẹ́ Olúmọ, a máa ń fún un pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó fún un: kí ó mú díẹ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀ láti inú ìwé orúkọ wa, kí ó san owó iṣẹ́ wọn, títí kan ọjọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ eré, kí ó sì jẹ́ kí àgbà kan jókòó tì wọ́n láti tọ́ ohùn wọn sọ́nà. Èyí kì í ṣe ìnira. Àlejò kì í wọ ilé kí ó má kí onílé.

Ní ìparí, ẹ̀yin baba àti ìyá, bí ọmọ yín bá wá sọ fún yín pé òun fẹ́ lọ fi ara hàn níbi ìdánwò eré, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó lọ ní òun nìkan. Ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kí ẹ sì gbọ́ bí ó ti ń ki Lísàbí. Bí ó bá ṣìnà, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ tún un ṣe, nítorí lẹ́nu yín ni ó yẹ kí ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí Ẹ̀gbá máa gbèrú o.